Ta Ni Ó Pọn Ọmọ? Ìtàn Ọmọ Títọ́ ní Òkukù

Àwọn àgbà a máa sọ pé ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Bóyá ẹ ti fi ṣí àròkọ rí, tàbí kí ẹ ti gbọ́ ọ níbi ìkómọ ju iye ìgbà tí ẹ lè kà lọ. Èmi pàápàá ti fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ìtàn, inú mi sì máa ń dùn bí mo bá ń pa á. Ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kan ní Òkukù kí àgbàlagbà obìnrin kan tó bi mí ní ìbéèrè tí ó mú kí n bi ara mi léèrè pé: àwọn wo gan-an ni wọ́n ni igba ojú náà?

Bàbá mi ni ó ṣaláìsí. A gbé e wá sí Òkukù, ìlú rẹ̀, kí a lè sin ín sí ilé bàbá rẹ̀. Nítorí pé èmi ni mo ń fi ìtàn kíkọ́ jẹun nínú ẹbí wa, wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ tí a óò tẹ̀ sínú ìwé ìsìnkú. Mo kọ ọ́ bí a ti í kọ irú rẹ̀. Mo ní a bí i ní 1949. Mo ní ó wọ ilé-ìwé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, nígbà tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ṣí ilẹ̀kùn ilé-ìwé ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Mo ní ó di olùkọ́, ó di ọ̀gá ilé-ìwé, ó fẹ̀yìn tì, ó bí ọmọ, ó sì rí ọmọ-ọmọ. Wọ́n kà á sókè nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sì ń mi orí pé òótọ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí wọ́n ti ń tú àgọ́ palẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin pè mí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ó jókòó sí. Ìyá yìí ti tó ẹni ọgọ́rin ọdún.

“Ọmọ mi,” ni ó wí, “ìwé tí o kọ nípa bàbá rẹ dára. O ṣeun. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ó ń lọ sí ilé-ìwé yẹn, ta ni ó pọn ọmọ?”

“Ọmọ wo nìyẹn, Ìyá mi?”

“Ọmọ tí ìyá wa ṣẹ̀ṣẹ̀ bí nígbà náà.”

Kò dúró gbọ́ èsì mi. Ó dìde, ó lọ ka àwọn ìkòkò tí a yá.

Ìbéèrè yìí ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ilé wa nìkan ni mo fẹ́ rò fún yín. Bí ó ti rí ní ilé wa ni ó rí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé, kì í sì í ṣe ní Òkukù nìkan.

Fún àwọn tí wọn kò bá mọ Òkukù, ìlú kan ni ní apá àríwá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Bí ènìyàn bá ti Òṣogbo bọ̀, tí ó kọjá Ìkìrun àti Ìnísà, tí ó sì kọjú sí Ọ̀fà, yóò bá Òkukù lọ́nà. Níbẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn wà, odò Ọ̀tìn tí ó fún un ní orúkọ sì ni òrìṣà tí àwọn obìnrin ibẹ̀ ti ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ọba ìlú náà ni Olókukù.

Òkukù kì í ṣe ìlú tí kò ní ìtàn. Ní 1974, obìnrin ará ìlú òyìnbó kan, Karin Barber, dé síbẹ̀ láti wá gbọ́ oríkì. Ó pẹ́ níbẹ̀, ó gbọ́ èdè wa yanjú, ó sì kọ ìwé ńlá kan tí ó jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin tí wọ́n ń kì í. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà yóò rí i pé ẹnu àwọn obìnrin ni púpọ̀ nínú ìtàn ìlú náà wà. Ṣùgbọ́n èmi ṣàkíyèsí ohun kan. Bí a bá ń ki ẹni ńlá, a ó sọ pé ó ní aya púpọ̀ àti pé ọmọ kún ilé rẹ̀. A kì í sọ ẹni tí ó ń bọ́ ojú fún àwọn ọmọ náà ní òwúrọ̀. Oríkì ka ọmọ mọ́ ọlá bàbá. Ìwé ìtàn tiwa tí a ń kọ ní yunifásítì kò sì kà wọ́n mọ́ nǹkan kan.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ogun, nítorí pé ogun ni a mọ̀ jù nínú ìtàn agbègbè náà. Nígbà tí Ìbàdàn àti Ìlọrin ń bá ara wọn jà, Òkukù bọ́ sí àárín wọn, kò sì ṣeé gbé mọ́. Àwọn ará ìlú kó lọ sí Ìkìrun, ibẹ̀ ni wọ́n sì wà títí wọ́n fi tú ibùdó ogun ká ní 1893. Lẹ́bàá Ìkìrun náà ni ogun Jálumi ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá ọdún 1878. Àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn lé àwọn ọ̀tá wọn, àwọn tí ó ń sá sì já lu odò Ọ̀tìn, omi gbé wọn lọ. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí a fi ń pè é ní Jálumi. Odò tí àwọn ìyá ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó gbé ọmọ àwọn ìyá mìíràn lọ ní ọjọ́ náà.

Gbogbo èyí wà nínú ìwé. Mo ti kọ́ ọ ní yàrá ẹ̀kọ́ fún ọdún pípẹ́, n kò sì bi ara mi léèrè rí pé: nígbà tí ìlú kan bá di ẹrù tí ó ń sá lọ sí ìlú mìíràn, báwo ni obìnrin tí ó ní ọmọ wẹ́wẹ́ mẹ́ta ṣe ń rìn? Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ìyá ní. Yóò pọn èyí tí ó kéré jù, yóò ru ẹrù lórí, yóò fi ọwọ́ kan di ẹrù mú, yóò fi ọwọ́ kejì fa èyí tí ó ti ń rìn. Ọmọ kẹta ńkọ́? Bí kò bá sí ẹ̀yìn mìíràn nínú ilé náà, kò sí bí yóò ti dé Ìkìrun. Ẹ̀yìn mìíràn náà, bí kì í bá ṣe ti ìyá-ìyá rẹ̀, a jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lọ.

Mo sì gbọ́dọ̀ dárúkọ àwọn ẹ̀yìn kan tí a kì í fẹ́ dárúkọ nígbà tí a bá ń pa òwe igba ojú. Ní ayé ogun, àti lẹ́yìn rẹ̀ títí wọ inú ọ̀rúndún ogún, bí gbèsè bá wọ ènìyàn lọ́rùn, ó lè fi ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Iṣẹ́ tí ọmọ náà bá ń ṣe ni èlé owó; yóò máa ṣe é títí bàbá rẹ̀ yóò fi san owó tí ó yá. Ọmọkùnrin a máa lọ sí oko olówó. Ọmọbìnrin a máa ṣe iṣẹ́ ilé, ọmọ gbígbé sì wà nínú iṣẹ́ náà. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń sọ pé gbogbo ilé ni ó ń tọ́ ọmọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà nínú gbogbo ilé náà tí wọ́n ń tọ́ ọmọ ẹlòmíràn nítorí gbèsè tí àwọn kò jẹ.

Ogun parí, àwọn ará Òkukù padà sílé. Ọkọ̀ ojú irin ń bọ̀ láti Èkó. Ó dé Ìbàdàn ní 1901, nígbà tí yóò sì fi di 1909, ó ti gba Òkukù kọjá dé Jẹ́bà. Ní ibùdókọ̀ rẹ̀ ni ìyá bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ti ń ta ẹ̀kọ àti àkàrà nígbà èwe rẹ̀.

Mo bá Ìyá Àgbà láyé. Nígbà tí a bá gba ìsinmi ilé-ìwé ní ọdún 1990 sókè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kó gbogbo àwa ọmọ-ọmọ lọ. Àwa mẹ́sàn-án ni a máa ń sùn sórí ẹní nínú yàrá kan. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, ẹni tí ó kọ́kọ́ jí ni í mọ ẹni tí ó tọ̀ sí ẹní. Ẹni tí ó sì jí kẹ́yìn ni ẹ̀bi í bá. Ìyá Àgbà a jókòó sórí àpótí, a na ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, a tẹ́ ọmọ-ọwọ́ sí orí ojúgun rẹ̀. A fi kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́, a fà á lápá, a fà á lẹ́sẹ̀, a sọ ọ́ sókè kí ẹ̀rù má baà máa bà á, a fi àdí pa á lára, a sì rọ ọ́ ní àgbo. Ọmọ a ké títí ilé yóò fi kún. Kí ó tó parí èyí, àwa ìyókù ti to ara wa: ẹni ọdún mẹ́wàá ń wẹ ẹni ọdún mẹ́fà, ẹni ọdún mẹ́fà di ẹni ọdún mẹ́ta lọ́wọ́ mú kí ó má baà lọ tẹ iná. Ní alẹ́, inú àwo kan ni a ti ń jẹ àmàlà. Ẹ̀gbọ́n pátápátá ni í pín ẹran, ẹni tí ó bá sì pín in ni í mú kẹ́yìn. Nítorí náà ìpín máa ń gún régé. Bí a bá jẹun tán, àlọ́ kàn. Kí ìjàpá tó ti inú ìyọnu rẹ̀ jáde, mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wa á ti sùn lọ. Ẹnì kan á sì gbé wọn wọlé.

Nígbà tí mo ń kọ èyí ni mo tó dúró rò ó: ta ni ẹni náà? Mo rántí dáadáa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi méjì ni, ọmọbìnrin méjèèjì, èyí tí ó dàgbà jù kò sì tíì pé ọmọ ọdún méjìlá. Mo tún rántí pé èmi kò pọn ọmọ rí. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi pé kí n má pọn ọ́n. Wọn kò kàn fi ọ̀já lé mi lọ́wọ́ rí ni.

Ẹ gbọ́, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé àwọn ìyá wa ń bímọ lé ọmọ láìbojú wẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Láyé àtijọ́, obìnrin tí ó bá ń fún ọmọ lọ́mú kì í sún mọ́ ọkọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi tó ọdún méjì sí mẹ́ta. Ìtìjú ńlá ni fún un bí ó bá lóyún nígbà tí ọmọ ṣì wà lẹ́yìn. Ní 1977, John Caldwell àti Pat aya rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí láàárín àwa Yorùbá, wọ́n sì fi hàn pé àṣà náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré, àti pé ìlera ọmọ ni àwọn ènìyàn fi í gbè é lẹ́sẹ̀. Nítorí náà, ọmọ obìnrin kan kì í sábà pọ̀ ní wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tí ó mú kí ilé kún ni pé obìnrin pọ̀ nínú agbo ilé kan. Ọmọ mẹ́sàn-án lè wà ní àgbàlá, kí ó jẹ́ ti ìyá mẹ́rin.

Ìdí kan sì tún wà tí ọmọ kì í fi í pọ̀ tó bí a ti bí wọn. Ìyá Àgbà bí mẹ́jọ. Márùn-ún ni ó yè. Ẹ mọ àwọn orúkọ tí a fi ń bẹ ọmọ: Málọmọ́, Kòkúmọ́, Dúrójayé. Ọ̀kan nínú àwọn ohun tí ó ń pa wọ́n ni èèyí, àrùn tí í sú sí ọmọ lára, tí í pọ́n ọn lójú, tí í sì bá ikọ́ àti ìgbẹ́ gbuuru rìn. Ní 1956, dókítà òyìnbó kan, David Morley, dé sí ilé-ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà. Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ìlú tí orúkọ rẹ̀ kò ṣàjèjì nínú ìtàn ogun Kírìjì, ó sì dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ níbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún. Wọ́n ń wọn ọmọ lóṣooṣù, wọ́n ń fi àmì sí i lórí káàdì, ìyá ọmọ ni ó sì ń tọ́jú káàdì náà sí ilé ara rẹ̀. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ le. Bí ó bá ń rẹlẹ̀, ewu ń bọ̀. Káàdì yẹn tàn ká gbogbo ayé. Ní Ìmẹ̀sí-Ilé kan náà ni wọ́n ti dán abẹ́rẹ́ àjẹsára èèyí wò kí Amẹ́ríkà tó fi àṣẹ sí i ní 1963. Láti 1967 ni wọ́n sì ti ń gbé e kiri Nàìjíríà pẹ̀lú ti ìgbóná. Ẹ wò ó bí ìtàn ti ń yí: ilẹ̀ tí a ti ja Kírìjì, tí a kọ ìwé púpọ̀ lé lórí, ni a tún ti ja ogun tí ó gba ọmọ púpọ̀ là, ìwọ̀nba ènìyàn ni ó sì mọ̀.

Nísinsìnyí a dé 1955. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìn-ín-ní ọdún náà ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn. Olókukù tí ó wà lórí oyè nígbà náà ni Moses Oyèwọlé Oyinlọlá. Ní 1954, àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn kò tó 460,000. Ní 1955, wọ́n ti ju 800,000 lọ. Nínú ọdún kan! Ọ̀pọ̀ ọmọ kò ní ìwé ọjọ́-ìbí, nítorí náà olùkọ́ a ní kí ọmọ na ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí ó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá ti kan etí, ọmọ ti tó ilé-ìwé. Àwa òpìtàn fẹ́ràn àwọn iye wọ̀nyí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò mọ iṣẹ́ kan tí ìjọba kan ṣe fún ọmọdé ní ilẹ̀ wa tí ó ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ fi ọkàn bá mi lọ. Àwọn ọmọ tí ọwọ́ wọn kan etí, tí wọ́n di ọmọ ilé-ìwé láàárín òwúrọ̀ kan, kì í ṣe pé wọ́n jókòó lásán tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Púpọ̀ nínú wọn ní ọmọ lẹ́yìn. Ìjọba mú owó ilé-ìwé kúrò. Kò mú ọmọ kúrò lẹ́yìn ọmọ. Bí ilé bá ní ọmọ mẹ́rin, tí ìyá sì ní láti dé ibùdókọ̀ kí ọkọ̀ tó dé, ẹnì kan gbọ́dọ̀ dúró.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìsìnkú bàbá mi, mo padà sí Òkukù. Mo kúnlẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n bàbá mi, mo ní, “Ìyá mi, mo wá gbọ́ ti ọmọ tí ẹ bi mí nípa rẹ̀.” Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó. Bí ó ti sọ ọ́ fún mi nìyí:

“Àwa méjèèjì ni a jọ lọ. Ọwọ́ mi ti kan etí tipẹ́tipẹ́. Ti bàbá rẹ ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn án, ó sì ń na ọrùn kí ó lè kàn án dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ọmọ ìkókó wà lẹ́yìn mi, kò ju oṣù méjì lọ, nítorí pé ìyá wa ti lọ sí ibùdókọ̀. Olùkọ́ kọ orúkọ bàbá rẹ. Ó wò mí, ó ní kí n lọ gbé ọmọ sílẹ̀ kí n tó padà wá. Mo délé, mo sọ fún ìyá wa. Ìyá wa ní, ‘Ní sùúrù fún ọdún kan péré. Jẹ́ kí eléyìí rìn.’ Ó sì rìn. Nígbà tí ó rìn tán, òmíràn ti ń bọ̀ lẹ́yìn. Nígbà tí ìyẹn náà rìn, mo ti tó ọmọ ọdún mẹ́tàlá, ojú ń tì mí láti jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké.”

Mo bi í bóyá ó bínú sí ìyá rẹ̀.

“Kí ni kí ó ti ṣe? Ẹ̀yìn mélòó ni ó ní? Mo máa ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ilé-ìwé, ọmọ á wà lẹ́yìn mi. Mo mọ ABD dé ibi tí ọmọ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Bí ó bá ti ké, olùkọ́ á ní kí n máa lọ. Ọjọ́ mìíràn kì í tètè ké, màá mọ̀ ọ́n jìnnà díẹ̀. Àbúrò mi yẹn ṣì wà láyé lónìí, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Àkàrà tí mo sì tà ní ibùdókọ̀ wà nínú owó tí bàbá rẹ fi lọ kọ́ iṣẹ́ olùkọ́. N kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ mí. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí o kọ ọ́.”

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí. Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955. Mo mọ iye ọmọ tí ó wọlé. Ẹni tí ó dúró lẹ́yìn fèrèsé kò sí nínú iye náà, bẹ́ẹ̀ sì ni òun ni ó jẹ́ kí ọ̀kan nínú 800,000 náà lè jókòó.

Ọ̀rọ̀ náà kò parí síbẹ̀. Ọmọ mẹ́rin ni èmi àti ìyàwó mi ní, ní Ìbàdàn. Àgbà wọn jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, obìnrin ni. Èyí tí ó kéré jù kò tíì pé ọdún kan. Yàrá mẹ́ta ni a ń gbé. Kò sí ìyá-ìyá nítòsí, kò sí orogún, kò sí àgbàlá. Iṣẹ́ ọba ni ìyàwó mi ń ṣe, òun náà kì í tètè dé. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo ti Òkukù dé, mo wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo bá ọmọbìnrin mi ní ilé ìdáná, ó fi ọ̀já gbá àbúrò rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn, ó ń fi ọwọ́ kan ro ògì, àwọn méjì yòókù ń jà sórí síbí kan lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ìwé iṣẹ́-àṣetiléwá rẹ̀ wà lórí tábìlì, kò tíì ṣí i. Bí ó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ǹ bá yìn ín. Ǹ bá ní, “Ọmọ dáadáa, o ti di ìyá kékeré.” Ẹnu mi ti là láti sọ ọ́ kí n tó rántí fèrèsé ilé-ìwé Òkukù.

Mo tú ọ̀já náà. Mo pọn ọmọ. Ọmọ náà yà mí lẹ́nu pẹ̀lú bí ó ti wúwo tó, ọ̀já sì ń yọ̀ lára mi títí ọmọbìnrin mi fi rẹ́rìn-ín, tí ó wá kọ́ mi bí a ti í kì í bọ abẹ́ apá. Ó lọ sí ìdí ìwé rẹ̀. Láti ìgbà náà ni èmi àti ìyàwó mi ti jókòó pín iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ láàárín ara wa, kí ó má baà jẹ́ ọmọ ni yóò máa gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

N kò wá sọ pé kí ẹ̀gbọ́n má ran àbúrò lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbé àbúrò rẹ̀ rí pàdánù nǹkan ńlá. Èmi mọ̀, nítorí pé mo pàdánù rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni n kò wá ba òwe àwọn àgbà jẹ́. Igba ojú ni ó tọ́ wa lóòótọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ óò kọ ìtàn ìlú yín, ni pé kí a ka ojú náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá kọ ọ́ pé ẹnì kan lọ sí ogun, tàbí sí oko, tàbí sí ilé-ìwé, ẹ béèrè ẹni tí ó pọn ọmọ ní ọjọ́ náà. Ẹ tètè béèrè, nítorí pé àwọn tí wọ́n mọ èsì rẹ̀ ti darúgbó.

Nígbà tí bàbá mi pé ọdún kan tí ó ti lọ, a tún tẹ ìwé ìrántí. Mo ṣe àtúnṣe sí gbólóhùn kan. Mo kọ ọ́ pé: “Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ó wọ ilé-ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, ni ó dúró sílé láti pọn àbúrò wọn.” Mo gbé e lọ sí Òkukù, mo kà á sí ìyá náà létí. Ó ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì ní:

“Ó ku ẹyọ kan. O kò kọ ọ́ pé ọmọ náà wúwo.”